NieR: Automata: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é tán, kí ló yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ mọ̀?

ArìnrìnÀjò
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará ilé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba eré fídíò NieR: Automata, orí mi sì ti dà rú. Ohun tí gbogbo ènìyàn sọ fún mi ni pé eré ìdà ni. Mo tan án, inú ọkọ̀ òfurufú ni mo bá ara mi, ìbọn ni mò ń yìn. Kò pẹ́, kámẹ́rà gòkè, mo wá ń wo nǹkan láti òkè. Mo sọ̀kalẹ̀, mo fa ìdà yọ, mo ní ó dé ibi tó yẹ. Àfi bí wọ́n tún ṣe yí i padà: ẹ̀gbẹ́ ni mo ti ń wo ara mi, mò ń fò láti orí irin kan bọ́ sórí òmíràn. Irú eré wo gan-an nìyí, báwo ni kí n sì ṣe mú un?

Èkejì, bí mo bá ti kú nínú ilé iṣẹ́ ńlá yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá ló ń dá mi padà sí. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, àbí nǹkan kan wà tí mi ò tẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bí ìtàn ṣe parí fún mi.

Aṣọ́bodè
Káàbọ̀, ArìnrìnÀjò. Mo ti lẹ ìbéèrè yìí mọ́ òkè ojú ewé, torí ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń béèrè ohun kan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dáhùn, ẹ sọ bí a ṣe ń ja ìjà, ẹ sọ ibi tí nǹkan wà, ẹ sọ ètò inú menu. Ẹni tó kú, ẹni tó dalẹ̀, ẹni tó ń parọ́ fún ta ni, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ kó fojú ara rẹ̀ rí i.

ÌdàMéjì
Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, àbúrò. Eré yìí kì í bá ènìyàn séèfù, ìyẹn ni pé kì í fúnra rẹ̀ pa ibi téèyàn dé mọ́. Ọwọ́ rẹ ni séèfù wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nínú apá àkọ́kọ́ yìí kò sì sí ibi séèfù rárá. Ìgbà tó o bá ṣẹ́gun Engels, ẹ̀rọ gàgàrà tó fi ayùn ńlá ṣe apá, tí ìtàn sì gbé ọ dé Bunker, ibùdó wa lókè ojú ọ̀run, ìgbà náà lo tó lè séèfù. Nítorí náà má tan án nígbà tí ẹnì kan ń dúró dè ọ́ níta. Fi wákàtí kan gbáko sílẹ̀ fún un.

Ohun tó sì ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ni Hard, ọ̀kan nínú ipele líle eré: Easy, Normal, Hard, Very Hard. Eré bi wọ́n léèrè, wọ́n yan Hard torí pé wọ́n ti ṣe eré ìdà mìíràn rí. Ní Hard, ọta díẹ̀ péré ló ń gba ẹ̀mí ẹni, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àǹfààní láti so kámẹ́rà mọ́ ọ̀tá kan ṣoṣo. Very Hard tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n fọwọ́ kàn ọ́ lẹ́ẹ̀kan, o ti kú. Bẹ̀rẹ̀ ní Normal. Ìgbàkígbà lo lè yí i padà nínú menu, ìtàn kan náà lo máa rí.

Ní ti irú eré tó jẹ́: PlatinumGames ló ṣe ìjà inú rẹ̀, àwọn tó ṣe Bayonetta ní 2009, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìdà fi ń yọ̀ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Square Enix ló gbé e jáde ní 2017. Yoko Taro ló darí rẹ̀, ọkùnrin náà kò sì fẹ́ kí eré dúró sójú kan. NieR tó darí ní 2010 náà ti ń gbé kámẹ́rà káàkiri báyìí. Nínú èyí ló wá ṣe é dójú àmì. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí ni pé kó má wá orúkọ kan ṣoṣo fún un. Wo ibi tí kámẹ́rà dúró sí. Kámẹ́rà ló ń sọ irú eré tó o wà nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn.

Bó bá wà lẹ́yìn rẹ, ìjà ìdà ni, àyè wà láti yí ọ̀tá ká. Bó bá gòkè, ọta ni kó o máa wò, fi ọ̀tá sílẹ̀, torí ìbọn rẹ á bá a. Bó bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, iwájú àti ẹ̀yìn nìkan lo ní, kò sí ọ̀nà láti yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, nítorí náà fífò àti yíyẹ ló máa gbà ọ́. Bí kámẹ́rà bá ti ń ṣí kúrò nípò, dá ìdà dúró díẹ̀ kó o sì múra. Ìṣẹ́jú àáyá tó fi ń ṣí yẹn ni wọ́n ti ń na àwọn tó ṣì ń jà bí ti tẹ́lẹ̀.

Ọwọ́Yá
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Èmi fẹ́ràn apá ìbọn jù lọ, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un.

Ọta Pod kì í tán. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ 2B, ẹni tó ò ń darí nínú eré, ni Pod; tẹ bọ́tìnì R1 lórí páàdì PlayStation mọ́lẹ̀ kó o má jùwọ́ sílẹ̀, kódà nígbà tó o bá ń fi ìdà gé nǹkan. Mo ti rí àwọn tó ń yìnbọn, tí wọ́n á dúró, tí wọ́n á wá máa fi ìdà jà, bí ẹni pé méjèèjì kò lè lọ pọ̀. Wọ́n ń lọ pọ̀. Ìdí tí wọ́n fi fi ìbọn sí ìka kan, tí ìdà sì wà ní àtàǹpàkò nìyẹn.

Wo àwọ̀ ọta tó ń bọ̀. Èyí tó pọ́n bí ọsàn, ìbọn rẹ lè fọ́ ọ. Èyí tó ṣókùnkùn, ìbọn kò ràn án, ìwọ ni kó o kúrò lọ́nà. Tí ojú síkíríìnì bá kún fún ọta, má sáré. Rọra sún díẹ̀díẹ̀ sí ibi tí àlàfo wà. Ẹni tó bá sáré gba àárín wọn, ọta tí kò rí ló máa lù ú.

R2 ni yíyẹ. Tó o bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọwọ́ ọ̀tá kù díẹ̀ kó bà ọ́, 2B á tàn yanran. Tẹ bọ́tìnì ìdà lójú ẹsẹ̀, yóò dáhùn padà lọ́nà tó ń gbé ọ̀tá sọ sókè. Ìyẹn nìkan lè gbé ọ la ìdajì eré yìí kọjá.

Inú ọkọ̀ òfurufú náà, ìdà wà níbẹ̀! Ọ̀pọ̀ kò mọ̀, wọ́n kàn ń yìnbọn. Bí ọ̀tá bá sún mọ́ ọ, gé e.

Màmá Eré
Ẹ kú làálàá, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tijú Easy o. Ọwọ́ èmi kò yá bíi tiyín mọ́, mo sì ti ṣe eré yìí dé gbogbo òpin rẹ̀.

Ní Easy, àwọn chip kan (ohun kékeré tí 2B ń wọ̀ sára láti fi ṣe nǹkan) wà tí ẹlòmíràn kò lè lò ní ipele yòókù, èyí tó ń bá ènìyàn ja ìjà: Auto-Attack, Auto-Fire, Auto-Evade, àti méjì mìíràn. Kì í ṣe tipátipá kó o kó gbogbo wọn wọ̀. Èmi yọ Auto-Attack kúrò torí mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi lo ìdà, mo fi Auto-Evade sílẹ̀ kó máa bá mi yẹ ohun tí ojú mi kò tètè rí. Báyìí ni mo ṣe gbádùn ìjà náà, tí ìtàn kò sì já mọ́ mi lọ́wọ́. ArìnrìnÀjò, bí Engels bá ti sú ọ, sọ ọ́ di Easy fún òun nìkan, kó o dá a padà sí Normal tó o bá dé òkè.

ArìnrìnÀjò
Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Normal náà ni mo fi ṣe é, ohun tí ẹ̀gbọ́n ÌdàMéjì sọ nípa kámẹ́rà ló ṣí mi lójú. Mo ti dé Bunker, mo ti séèfù! Wọ́n ti rán mi wá sílẹ̀, mo ti dé àgọ́ Resistance, àwọn tó ń bá ẹ̀rọ jà nílẹ̀, gbogbo ìlú sì ti di igbó, ilé ńláńlá ti wó, ewéko ti bò wọ́n. Ó rẹwà gan-an.

Ìbéèrè tó kàn: àwọn chip wọ̀nyí. Àyè mi ti kún, bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣa òmíràn lójú ọ̀nà ṣáá. Èwo ni kí n dì mú?

ÌdàMéjì
Ibí gan-an ni eré yìí ti di eré ìṣirò, jókòó tì í dáadáa.

Android ni 2B, róbọ́ọ̀tì tó dà bí ènìyàn. Gbogbo ohun tó wà ní ojú síkíríìnì rẹ, chip ló gbé e wá: àwòrán ilẹ̀ kékeré, ìlà ẹ̀mí ọ̀tá, iye tí ìdà gé kúrò lára wọn, ibi tí iṣẹ́ wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba àyè. Bí àyè bá há, yọ àwọn tí kò ṣe ọ́ láǹfààní. Èyí tó ń fi ìlà ìrírí hàn, yọ ọ́. Èyí tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní igun síkíríìnì, yọ ọ́. Mo gba ọ nímọ̀ràn kó o fi àwòrán ilẹ̀ sílẹ̀ títí wàá fi mọ ìlú. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí gidigidi: ojú tí ìwọ fi ń wo eré, ara 2B náà ni.

Chip méjì tí wọ́n jọ jẹ́ irú kan náà, tí ipele wọn sì bára mu, o lè pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan tó lágbára jù, títí dé +8. Ṣọ́ra níbí. Chip kan náà lè gba àyè kékeré tàbí àyè ńlá, bó ṣe bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Èyí tó kéré jù lọ ní àyè máa ń ní àmì dáyámọ́ńdì. Àwọn yẹn ni kó o máa kó jọ fún pípapọ̀, ta àwọn tó wúwo. Ẹni tó bá ń pa ohunkóhun tó rí pọ̀ máa ní +6 tí kò ráyè fi sí. Ra àyè kún àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń tún ara ṣe ní àgọ́. 128 ni òpin rẹ̀.

Fún ìbẹ̀rẹ̀: Offensive Heal, kí ìdà tó o fi ń gé ọ̀tá máa dá ẹ̀mí rẹ padà. Tẹ̀lé e pẹ̀lú Weapon Attack Up, tó ń fi kún agbára ìdà. Àwọn méjèèjì yìí jọ ń ran ara wọn lọ́wọ́.

Ọwọ́Yá
Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé Offensive Heal ló yẹ kó ṣáájú. Ó ń kọ́ ènìyàn láti dúró gba ọta, kó máa gé lọ. Tó bá dé ibi tí ọ̀tá wà lókè tí ìdà kò dé, kí ni yóò fi wo ara rẹ̀ sàn? Overclock ni tèmi. Bó bá yẹ dáadáa, àkókò á rọ̀, gbogbo nǹkan á máa fa ẹsẹ̀, á wá ráyè jà. Ẹni tó bá ti ń lo Overclock yóò kọ́ yíyẹ láìsí pé ẹnì kan fi agbára mú un.

ÌdàMéjì
Overclock dára, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò tíì mọ ìgbà tó yẹ kó yẹ̀. Bí kò bá lè yẹ, Overclock jókòó lásán ni, ó sì ń gba àyè. Kó kọ́kọ́ wà láàyè ná.

Màmá Eré
Ẹ jẹ́ kó ní méjèèjì. Àyè mẹ́ta ló wà fún ètò chip: A, B àti C. Kó fi ti ÌdàMéjì sí A, kó fi ti Ọwọ́Yá sí B, kó máa pààrọ̀ wọn. Kó sì fi Auto-Use Item sínú méjèèjì, kí oògùn máa lo ara rẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí bá fẹ́ tán. Èyí ti gbà mí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìtìjú.

ArìnrìnÀjò, ọmọ mi, ohun kan: chip kan wà tí wọ́n kọ OS sí lára. Òun ló gbé ẹ̀mí rẹ ró. Eré yóò jẹ́ kó o yọ ọ́, yóò tún kìlọ̀ fún ọ. Séèfù kó o tó dán an wò.

Aṣọ́bodè
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ikú, torí ó yàtọ̀ nínú eré yìí.

Tó o bá kú lẹ́yìn tó o ti dé Bunker, ara tuntun ni wọ́n máa rán ọ padà nínú rẹ̀. Ara àtijọ́ wà níbi tó ti ṣubú, àwọn chip tó wọ̀ wà lára rẹ̀. Lọ gbà wọ́n. Bó o bá tún kú kó o tó dé ibẹ̀, wọ́n ti lọ nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tó o bá ń lọ gba ara rẹ, má yà síbi ìjà kankan, sáré kọjá lára wọn. O tún lè tún ara àtijọ́ náà ṣe kó dìde bá ọ jà dípò kó o gba nǹkan lára rẹ̀.

Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà lára ẹ̀rọ rẹ, wàá rí ara àwọn aláìmọ̀rí tó kú káàkiri ayé níbi tí wọ́n kú sí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀. O lè gbàdúrà fún wọn, ó sì ń ṣe wọ́n láǹfààní níbi tí wọ́n wà. Mo máa ń dúró gbàdúrà. Bí òkú bá pọ̀ síbì kan, mọ̀ pé ọ̀tá tó wà níwájú kì í ṣe kékeré.

Ibi tí wọ́n ti ń séèfù, tó dà bí ẹ̀rọ títa nǹkan tó dúró gbagidi, kò ní ṣiṣẹ́ àfi kó o kọ́kọ́ lé àwọn ẹ̀rọ tó wà nítòsí kúrò. Ṣí gbogbo èyí tó o bá bá pàdé. Níkẹyìn, ìtàn á jẹ́ kó o lè ti ọ̀kan bọ́ sí òmíràn, ẹsẹ̀ rẹ á sinmi. Kí ìgbà náà tó dé, ra oúnjẹ ẹran, jù ú fún ẹlẹ́dẹ̀ igbó tàbí ẹtu ńlá oníwo, wàá lè gùn ún.

ArìnrìnÀjò
Mo ti gun ẹlẹ́dẹ̀! Ó ń gbá àwọn róbọ́ọ̀tì kéékèèké dànù lójú ọ̀nà.

Àwọn iṣẹ́ àfikún ti pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n parí gbogbo wọn kí n tó tẹ̀ síwájú?

ÌdàMéjì
Ṣe gbogbo èyí tágbára rẹ bá ká. Ipele rẹ á gòkè, owó á wọlé, àwọn ohun èlò tí wọ́n fi ń tún ìdà ṣe á pọ̀. Àwọn kan á sì tì mọ́ ọ lójú bí ìtàn bá ti jìnnà.

OnítànEré
Mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ ohun mìíràn. Bí ArìnrìnÀjò bá dá ìtàn dúró láti ṣe gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí tán ní ẹ̀ẹ̀kan, eré yóò di iṣẹ́ òjíṣẹ́: lọ síbí, gbé tibí wá. Wọ́n kọ àwọn iṣẹ́ náà kó lè máa bọ́ sí ọ̀nà rẹ bó o ti ń rìn. Èyí tó bá wà ní aṣálẹ̀, dúró dìgbà tí ìtàn bá gbé ọ lọ sí aṣálẹ̀. Èyí tó bá wà ní abúlé Pascal, ẹ̀rọ kan tí kì í jà, ṣe é nígbà tó o bá dé ọ̀dọ̀ Pascal. Àwọn àpótí kan tilẹ̀ wà tí 2B kò lè ṣí, ẹlòmíràn ló ni wọ́n. Má pàdánù oorun nítorí wọn.

Ní ti pé wọ́n á tì: nígbà tó bá yá, wàá ní àǹfààní láti yan orí ìtàn tó o bá fẹ́ kó o padà síbẹ̀, àti ipele rẹ àti ohun tó o kó jọ. Kò sóhun tó sọnù.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe láìfi falẹ̀ ni kó o máa ka ìtàn ara àwọn ohun ìjà. Gbogbo ìdà, gbogbo ọ̀kọ̀, ìtàn kúkúrú wà lára wọn, apá mẹ́rin, apá kan ń ṣí bó o ti ń tún un ṣe sí i. Àwọn kan nínú wọn burú débi tí mo fi gbé páàdì sílẹ̀ fúngbà díẹ̀.

ÌdàMéjì
OnítànEré, bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí dára ju tèmi lọ. Kó ṣe é bó ti ń pàdé wọn, ṣùgbọ́n kó má fò wọ́n pátápátá.

OníKọ̀ǹpútà
Fún ẹni tó bá ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà: nígbà tó kọ́kọ́ dé Steam, ilé ìtajà eré kọ̀ǹpútà, ní oṣù kẹta 2017, àwòrán rẹ̀ kì í gbà ní ojú síkíríìnì bó ṣe yẹ. Oṣù keje 2021 ni wọ́n tó tún un ṣe. Ìmọ̀ràn tẹ́ ẹ bá kà tí ọjọ́ rẹ̀ ti ṣáájú ìyẹn, tó ní kẹ́ ẹ lọ fi àtúnṣe àwọn olólùfẹ́ eré sí i kó tó lè ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ ṣe é bẹ́ẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i. Ẹ sì lo páàdì. Àtẹ bọ́tìnì kọ̀ǹpútà kò dára fún eré yìí.

Ti Switch, ẹ̀rọ eré Nintendo, tó jáde ní oṣù kẹwàá 2022, dára ju bí mo ṣe rò lọ. Ìtàn àfikún tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tó ní pápá ìjà mẹ́ta, ti wà nínú rẹ̀, ó sì wà nínú ti Xbox náà.

OnílùKékeré
Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ kámẹ́rà, ẹnì kankan kò sọ ti orin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi.

Nínú eré tó ń yí ìrísí padà báyìí, orin ló so ó pọ̀ kó má fọ́nká. Keiichi Okabe àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kọ orin kan fún rírìn àti òmíràn fún ìjà. Orin kan náà ni, wọ́n tò ó ní ìpele-ìpele. Tó o bá ń rìn jẹ́jẹ́, wàá gbọ́ èyí tó rọlẹ̀. Bí ọ̀tá bá yọ, ìlù á wọlé, ohùn á wọlé, láìsí pé orin já. Tó o bá sì dé apá tí wọ́n ti ń wọ inú ọpọlọ ẹ̀rọ, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, orin kan náà á yí padà di ohùn kọ̀ǹpútà àtijọ́, bíi ti àwọn eré ayé ọjọ́un, ní ibi tó dé gan-an. Nígbà tó o bá jáde, àwọn akọrin á gbà á padà. Etí rẹ kò ní ṣìnà láé, bó ti wù kí ojú rẹ ṣìnà.

Ohùn obìnrin tẹ́ ẹ ń gbọ́ níbi púpọ̀, Emi Evans ni, èdè tó sì fi ń kọrin kì í ṣe èdè ìlú kankan. Wọ́n dá èdè náà sílẹ̀ ni. Ní 2017 orin yìí gba àmì ẹ̀yẹ orin tó dára jù lọ ní The Game Awards, ó sì tọ́ sí i.

ArìnrìnÀjò, nígbà tó o bá dé ọgbà ìṣeré, má jà. Àwọn ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ tí kò bá kọ́kọ́ lù ọ́, fi wọ́n sílẹ̀. Rìn, kó o gbọ́. Tún kíyè sí orúkọ àwọn ẹ̀rọ: Engels, Pascal, Jean-Paul, Kierkegaard. Orúkọ àwọn onímọ̀ èrò ni gbogbo wọn. Pascal inú eré tilẹ̀ ń ka ìwé wọn.

ArìnrìnÀjò
Ẹ kú iṣẹ́, gbogbo yín. Mo dé ọgbà ìṣeré, mi ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, àfi ìgbà tí mo wọ inú gbọ̀ngàn orin yẹn. Olúwa ò!

Mo ti parí rẹ̀ báyìí. Orúkọ àwọn tó ṣe é ti ń gòkè lójú síkíríìnì, wọ́n sì kọ Ending A. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣe mí bíi pé àwọn ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nílẹ̀. Ìran àjèjì, àwọn èèyàn tó wà lórí òṣùpá, 9S ẹlẹgbẹ́ 2B...

ÌdàMéjì
Kò tíì parí. Má pa á rẹ́.

Ọwọ́Yá
Kò tíì parí o!

OnítànEré
Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún un dáadáa, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ti gbé eré yìí tà tí wọ́n sì lọ ń sọ fún èèyàn pé ó kúrú.

Òpin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà, A títí dé Z. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kúrú bí ẹ̀fẹ̀. Wọ́n máa ń wá nígbà tó o bá ṣe ohun tí kò yẹ, bíi kó o sá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn márùn-ún àkọ́kọ́, A sí E, ni ìtàn gan-an, lẹ́sẹẹsẹ. Nítorí náà, ibi tó o dé yìí, orí kìn-ín-ní ìwé ni. Padà sí séèfù kan náà, má bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ipele rẹ, chip rẹ, ìdà rẹ, iṣẹ́ àfikún tó o ti ṣe, gbogbo rẹ̀ bá ọ lọ.

Apá kejì, 9S lo máa jẹ́. Àwọn ibì kan á jọ ohun tó o ti rí. Jọ̀ọ́, má tìtorí ìyẹn sọ pé àtúnṣe lásán ni. Ibi tí 2B kò sí ni 9S wà, ó ń gbọ́ ohun tí 2B kò gbọ́. Wàá tún pàdé ọ̀tá tó o ti pa, wàá wá mọ ẹni tó jẹ́. Apá kẹta, mi ò ní sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ rárá, àyàfi pé ó jẹ́ ìtàn tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nítorí apá kẹta yìí ni mo ṣe fẹ́ràn eré yìí tó bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́Yá
Ọ̀nà ìjà 9S yàtọ̀, múra sílẹ̀. Ìdà kan ló ń lò. Bọ́tìnì tó jẹ́ ti ìdà kejì lọ́wọ́ 2B, ti 9S ni wíwọ inú ọpọlọ ẹ̀rọ. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tó o bá kọjú sí ọ̀tá, gbogbo ayé á pòórá, wàá di igun mẹ́ta kékeré kan tó ń yìnbọn nínú yàrá funfun. Fọ́ ohun tó wà ní àárín, ọ̀tá tó wà níta á bú gbàù, àwọn tó yí i ká náà á fara gbá.

Ọgbọ́n tí mo fẹ́ kó o mú: rọra lọ bá ẹ̀rọ tí kò tíì rí ọ. Bó o bá wọ ọpọlọ rẹ̀ nígbà náà, eré á bi ọ́ léèrè ohun tó o fẹ́ ṣe sí i. O lè ní kó di ọmọ ogun rẹ, o lè gbé e wọ̀ bí aṣọ kó o máa fi ara rẹ̀ jà, o lè fọ́ ọ dànù. Gbé èyí tó tóbi wọ̀. Nínú yàrá funfun náà, máa yí po, má dúró lójú kan, ọta dúdú ni kó o máa sá fún.

Màmá Eré
Bí ọwọ́ rẹ kò bá gba yàrá funfun yẹn, ìdà 9S ṣì ń gé nǹkan, Pod rẹ̀ sì lágbára. Níbi tí ìtàn kò ti sọ ọ́ di dandan, jà bó ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

ArìnrìnÀjò
Mo ti padà wọ inú rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi mí ṣe níbẹ̀ kò ṣeé gbàgbọ́, mi ò ní sọ ọ́ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé nǹkan wà tó yẹ kí n ṣọ́ra fún ní ìparí pátápátá?

Aṣọ́bodè
Ó wà, mo sì lè sọ ọ́ láìtú àṣírí.

Ní òpin apá kẹta, eré máa ní kó o yan ọ̀kan nínú ẹni méjì. Yan ẹni tó bá wù ọ́. Èkejì kò lọ, àǹfààní láti padà sí orí ìtàn á ti ṣí sílẹ̀ fún ọ nígbà náà, wàá padà síbẹ̀ láti yan òun náà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé o ti rí méjèèjì kí òpin ìkarùn-ún, E, tó lè wá. Lásìkò yẹn náà ni wàá rí oníṣòwò àràmàǹdà kan ní àgọ́ Resistance tó ń ta àmì ẹ̀yẹ inú eré, fún ẹni tó bá fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ pé.

Ìkarùn-ún ni kó o wá fara balẹ̀ fún. Ìjà tó wà níbẹ̀ le, ọta ni látòkè délẹ̀, gbogbo ohun tí Ọwọ́Yá kọ́ ọ lo máa lò. Bí eré bá bi ọ́ bóyá o fẹ́ ìrànlọ́wọ́, kò sí àbùkù nínú kó o gbà á. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á bi ọ́ ní ìbéèrè kan nípa séèfù rẹ. Ka gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kó o tó tẹ bọ́tìnì, torí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni wọ́n máa ṣe, kò sì ní ṣeé dá padà. Bí ohun kan bá wà tó o ṣì fẹ́ ṣe pẹ̀lú 2B, iṣẹ́ àfikún kan tàbí ìdà tó o fẹ́ tún ṣe, lọ parí rẹ̀ ṣáájú.